Gulnar Bibi àti Kànga Tí Kò Tíì Mọ́

Ìlú tí omi bá ti tán nínú rẹ̀, kí ògiri rẹ̀ ga tó òkè, asán ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Sonakot rí ní ọdún tí ajagun Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Tahmas Beg gbógun tì í. Orí òkè olókùúta ni ìlú náà wà, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí oòrùn ti máa ń mú títí tí ẹsẹ̀ kò fi ní í ṣeé gbé sílẹ̀ lórí òkúta. Ẹnubodè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ògiri rẹ̀ nípọn, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kì í sì í sá lójú ogun. Tahmas Beg kọlù ú títí ó fi sú u. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀kọ̀ kò ran ògiri, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sókè odò tí ń sàn wọ ìlú, wọ́n fi erùpẹ̀ àti ìtì igi dí i pátápátá, wọ́n wá pàgọ́ sí àfonífojì tó wà nísàlẹ̀ ìdènà náà, wọ́n jókòó. Wọn kò ta ọfà mọ́. Wọ́n ń retí kí òùngbẹ bá wọn ṣe iṣẹ́ náà.

Láti ọjọ́ náà ni ara kò ti rọ ẹnikẹ́ni mọ́ ní Sonakot. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Àwọn ìyá á mi ìkòkò wò kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á tún dìde lọ mì í wò, bí ẹni pé omi lè ti wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn ọkùnrin ń bínú sí ara wọn lórí ohun tí wọn ì bá fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn. Kànga àdúgbò àwọn ahunṣọ di ẹrẹ̀. Kànga ọjà gbẹ. Kànga ẹ̀yìn mọ́sálásí náà gbẹ, àwọn Mùsùlùmí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyanrìn ṣe àlùwàlá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí kò gbẹ, èyí tó wà nínú ọgbà ilé òrìṣà Mahadev tí àwọn Híńdù ń sìn. Kànga náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn bá ju òkúta sí i, yóò ti gbàgbé kí ó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn àwòrò nìkan ní í fa omi rẹ̀, ìkòkò bàbà ni wọ́n sì fi ń fà á, wọn kì í pọn ọ́n fún ẹni tó bá gbé àpò awọ wá.

Bí ẹni pé òùngbẹ kò tó, Tahmas Beg tún rán akéde kan sí abẹ́ ògiri. Ní òwúrọ̀, akéde náà á ké sí àwọn Mùsùlùmí pé, "Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, kí ló dé tí ẹ fẹ́ kú nítorí àwọn abọ̀rìṣà? Omi wà lọ́dọ̀ wọn, wọn kò fún yín!" Tí oòrùn bá yí, akéde kan náà, ọ̀fun kan náà, á wá ké sí àwọn Híńdù: "Ẹ̀yin ọmọ Mahadev, ẹ ṣí ẹnubodè! Obìnrin Mùsùlùmí ló ń jọba lé yín lórí. Láìpẹ́, àpò awọ rẹ̀ ni yóò wà nínú kànga yín!" Àwọn tó gbọ́n ń fi akéde náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í jẹ́ kí ọgbọ́n pẹ́ lórí ẹni, àwọn tó sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí i.

Obìnrin tí ó ń bá wí náà ni Gulnar Bibi, opó Yusuf Khan, ọba Sonakot tó ti kú. Obìnrin bí ọkùnrin, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í wolẹ̀ níwájú balógun, a-bèèrè-kó-tó-dájọ́, ìyá tó bí ọmọ méjì tó sì gba gbogbo ìlú tọ́. Nígbà tí àwọn baba ọkọ rẹ̀ sá wá láti àríwá, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà wọ́n, àwọn ará ilé òrìṣà Mahadev ló fún wọn ní ilẹ̀ lórí òkè náà. Àwọn àlejò yìí sì fọwọ́ lé Kùránì, wọ́n búra pé bàtà kò ní kọjá ìloro ilé òrìṣà náà, awọ kò ní kọjá ibẹ̀, ọmọ ogun kò sì ní kọjá ibẹ̀ títí ayé. Gbogbo ẹni tó bá jọba ní Sonakot ló ń tún ìbúra náà bú. Gulnar Bibi náà bú u lọ́jọ́ tí wọ́n gbé idà ọkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó gbà pé ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń sìn o. Kò jẹ́ tan ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dé láàárín ẹlẹ́sìn méjì, ìbéèrè kan ló máa ń bi olúkúlùkù: kí ni òfin tìrẹ wí? Lẹ́yìn náà ni yóò wá wá ọ̀nà tí òfin méjèèjì lè gbà kọjá láìforí sọ ara wọn. Àwọn ìjòyè máa ń sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ẹni tó dá wàhálà náà sílẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Jumman ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn apọnmi tó ń gbé omi fún àwọn tó wà lórí ògiri. Àpò awọ ewúrẹ́ rẹ̀ ti ya, kò rí òmíràn rà nínú ìlú tí ogun ká mọ́, ló bá fi awọ màlúù rán tuntun. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọyàn rẹ̀ sì ti ń gbẹ nítorí kò rí omi mu. Nígbà tí ọmọ sunkún títí tí ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, Jumman kò lè fara dà á mọ́. Ó fo ògiri kékeré ilé òrìṣà kọjá ní ìdájí, ó sì ju àpò awọ màlúù sínú kànga àwọn ènìyàn tí wọn kì í fi pàṣán kan màlúù. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ọgbà rí i, ó fi igbe ta.

Kí oòrùn tó gun òkè, ìlú ti pín sí méjì. Àwọn àwòrò ti ilẹ̀kùn ńlá ilé òrìṣà, wọ́n fi igi dábùú rẹ̀ nínú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta jọ sí etí kànga. Níta, Hashmat Khan, àbúrò ọkọ Gulnar Bibi àti balógun ìlú, kó àwọn ọmọ ogun tó ní àáké lọ́wọ́ wá. Akọni gidi ni Hashmat Khan, ọgbẹ́ ogun kò sí lẹ́yìn rẹ̀, iwájú nìkan ni gbogbo wọn wà. Ohun tó ń dá a láàmú ni pé kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn lè fi ilẹ̀kùn tó tì ṣe ju kí ó fọ́ ọ lọ.

Gulnar Bibi gbọ́, kò dúró de kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó bọ́ sí òpópónà láìda aṣọ bojú, ohun tí ojú Sonakot kò tíì rí lára ayaba kankan, àwọn ènìyàn sì ń fà sẹ́yìn fún un. Nígbà tí ó dé iwájú ilé òrìṣà, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó jókòó sórí òkúta gbígbóná níwájú ìloro, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ kúrò lọ́nà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi," ni Hashmat Khan wí. Ètè rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. "Àwọn ọmọ ogun mi ń dákú lórí ògiri. Omi ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi."

"Tí o bá fọ́ ilẹ̀kùn yìí, Hashmat, iṣẹ́ Tahmas Beg lo ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lórí ògiri wa, Mahadev ni wọ́n ń sìn. Ta ni yóò gbé ọ̀kọ̀ fún ọ lẹ́yìn tí o bá ti fi àáké wọ ilé òrìṣà wọn? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìwọ ló wá fẹ́ la ẹnu rẹ̀ yìí."

"Ìbúra kò pa òùngbẹ, Bibi."

"Òótọ́ ni. Àmọ́ láìsí ìbúra náà, àwa kọ́ là bá wà lórí òkè yìí rárá. Tí o bá fẹ́ wọlé, orí mi ni wàá gbà kọjá."

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ohùn àgbàlagbà kan ti dáhùn kí Hashmat Khan tó fèsì. Narhari Bhatt ni, olórí àwọn àwòrò, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ó le bí igi gbígbẹ, tí kò sì fẹ́ràn àwàdà. "Bibi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé òkúta ti wà létí kànga. Tí àáké bá kan igi ilẹ̀kùn yìí lẹ́ẹ̀kan péré, a ó dí i. Kí gbogbo wa kú papọ̀ sàn ju kí wọ́n máa fi awọ màlúù pọn omi Mahadev."

Ẹ̀rù ba Gulnar Bibi. Àwọn tó ń pìtàn rẹ̀ máa ń fẹ́ fi èyí pamọ́, bí ẹni pé akọni kì í bẹ̀rù, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àáké wà níwájú rẹ̀, òkúta wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sì sún pẹ́nrẹ́n, ìlú tí ọkọ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ti parẹ́ nìyẹn. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani, ikú ilé sì ti dìde dúró. Ó yí ojú sí ilẹ̀kùn, ó bèèrè ohun tí ó mọ̀ ọ́n bèèrè.

"Bàbá Narhari, kí ni òfin yín wí nípa kànga tí awọ bà jẹ́?"

"Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bèèrè òfin wa?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ bá mi sọ ọ́."

"A ó fa omi rẹ̀. Ìkòkò bàbà la ó fi fà á, a ó sì dà á nù, títí tí omi tí awọ kàn yóò fi tán. Lẹ́yìn náà a ó fi ewé mímọ́ tulsi àti omi odò mímọ́ wa, Ganga, sí i, a ó gbàdúrà, yóò sì mọ́."

"Ibo lẹ ó da èyí tí ẹ bá fà sí?"

"Ojú ihò tí omi ìwẹ̀ òrìṣà ń gbà. Ó ń gba inú ògiri jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ní ìta."

"Ṣé ẹ̀yin yóò mu nínú rẹ̀?"

"Èèwọ̀! Omi àìmọ́ ni."

"Lẹ́yìn tí omi àìmọ́ náà bá ti jáde síta, ṣé òfin yín sọ ibi tí ó gbọ́dọ̀ gbà lọ?"

Nínú, ìró òkúta tí wọ́n ń kó jọ dáwọ́ dúró. Níta, Hashmat Khan, tí kì í tètè lóye nǹkan tí kì í ṣe ogun, rọra sọ àáké rẹ̀ kalẹ̀.

"Òfin kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn," ni Narhari Bhatt wí níkẹyìn.

"Ó dára, Bàbá. Lọ́dọ̀ tiwa, awọ kì í ba omi jẹ́. Ẹ̀yin ẹ fọ kànga yín bí òfin yín ti wí. Àwa yóò wà lẹ́yìn ògiri."

Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ìró kan láti inú. Àwọn kan ní ikọ́ ni àgbàlagbà náà wú, àwọn mìíràn búra pé ẹ̀rín ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí igi kànga.

Ẹ má wá rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Lọ́jọ́ náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Ibi tí ihò náà ti yọ ní ìta, orí màlúù tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Àwọn Mùsùlùmí tí òùngbẹ ń pa sáré débẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n dúró. Omi ń tú jáde, ilẹ̀ ń mu ún, kò sí ẹni tó na ọwọ́. Lèmọ́ọ̀mù ìlú, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Bibi," ni ó wí, "ẹnu ère ni omi yìí ti ń jáde."

"Kí ni òfin wa wí nípa omi, Lèmọ́ọ̀mù?"

"Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà, tí òórùn rẹ̀ kò yí padà, tí adùn rẹ̀ kò sì yí padà, mímọ́ ni."

"Ẹ wò ó. Ẹ gbóòórùn rẹ̀." Ó tẹ̀ síwájú láìwọ bàtà, ó wí pé bísímílà, ó gba omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó mu ún ní ojú gbogbo wọn. Omi dà sí àyà aṣọ rẹ̀. "Adùn rẹ̀ kò yí padà," ni ó wí, ó sì bú sẹ́kún, nítorí kò tíì fi omi kan ẹnu láti àná. Hashmat Khan ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, Gulnar Bibi ní kí wọ́n mú Jumman wá láti ibi tó fara pamọ́ sí. Ó bá a wí níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ọgbà náà mọ́ láéláé, ó sì fi í ṣe ẹni tí yóò máa dúró lábẹ́ ẹnu òkúta yìí láti máa pín omi. Ẹni tó kọ́kọ́ bu omi fún ni ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọ̀fun ń gbẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ènìyàn ti rọ́ wá sí ẹ̀yìn ògiri, ọkàn wọn kò balẹ̀, nítorí bí kànga bá ti mọ́, kò sí ìdí tí wọn yóò tún fi máa da omi rẹ̀ nù. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Narhari Bhatt nínú ọgbà. Wọ́n gbọ́ tí ó dúró létí kànga. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀: "Kò tíì mọ́. Ẹ fà á." Omi sì yọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní gbogbo òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ojoojúmọ́ ni Gulnar Bibi máa ń wá dúró sídìí ògiri, èékánná rẹ̀ á wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí tí ohùn náà yóò fi wí pé kò tíì mọ́. Àwọn Híńdù ìlú náà ń rí omi mu, nítorí Narhari Bhatt ti kéde pé òfin ìgbà ìpọ́njú gba ará ìlú láyè, pé ẹni tó ń fọwọ́ kan òrìṣà nìkan ni kò gbọdọ̀ mu omi kànga tí kò tíì mọ́. Òun nìkan ló sì ń fọwọ́ kan òrìṣà. Kò sí ẹni tó ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Gulnar Bibi kàn ṣàkíyèsí pé ohùn tó wà lẹ́yìn ògiri ń di tín-ín-rín sí i lójoojúmọ́, ó rò pé ọjọ́ orí ni.

Akéde Tahmas Beg kò yé ké. Hashmat Khan wá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti dá a lóhùn: ó gun orí ògiri ní ọ̀sán gangan, ó ní kí wọ́n bu igbá omi kan wá, ó sì rọra fọ irùngbọ̀n rẹ̀ níṣojú gbogbo ibùdó ọ̀tá. Gulnar Bibi bínú sí i nítorí omi tó fi ṣòfò, ṣùgbọ́n akéde náà kò padà wá mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà dé pẹ̀lú ìbínú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìdènà tí Tahmas Beg fi erùpẹ̀ mọ gba omi sínú títí kò fi lè gbà á mọ́, ó ya, odò sì bọ́ sílẹ̀ sórí àwọn tó dí i. Àgọ́, ẹṣin, ìlù ogun, gbogbo rẹ̀ ń léfòó ní àfonífojì. Hashmat Khan ṣí ẹnubodè, Híńdù àti Mùsùlùmí tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀tá tí omi kò gbé lọ sá láìwẹ̀yìn. Tahmas Beg fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún gbógun ti Sonakot láyé Gulnar Bibi.

Nígbà tí ìlú ń yọ̀, Godabai, ìyàwó Narhari Bhatt, wá sí ààfin. Kò wá láti yọ̀. Ó ní, "Bibi, ẹ bá mi bẹ ọkọ mi kó jẹun. Agbọn inú ọgbà tó ń mu omi rẹ̀ ti tán tipẹ́. Wàrà màlúù wa kan ṣoṣo ló fi ń gbé ẹ̀mí ró, màlúù náà sì ti gbẹ. Òjò ti rọ̀, ó ti mu omi òjò, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gba nǹkan mọ́."

"Kí ló dé tí kò mu omi kànga?"

"Báwo ni yóò ṣe mu ún, tàbí kí ó jẹ ohun tí a fi sè? Ojoojúmọ́ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò tíì mọ́." Obìnrin náà wolẹ̀. "Bibi, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kànga náà ti mọ́. Iye tí òfin ní kí a fà, a ti fà á kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀."

Gulnar Bibi lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní fún Narhari Bhatt ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, òjò ń kán níwájú rẹ̀, kò sì ju awọ lórí eegun lọ mọ́. Gulnar Bibi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bínú, ó sì ń sunkún. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?"

Gulnar Bibi fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú.

"Òfin kò gbà mí láyè láti pọn omi fún àpò awọ," ni àgbàlagbà náà wí. "Ṣùgbọ́n ó ní kí n da omi àìmọ́ nù. Tí mo bá ní ó ti mọ́, kí ni n bá tún máa dà nù fún yín?" Ó sinmi díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ bi mí ní ìbéèrè, Bibi. Látijọ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn ọba máa ń sọ fún mi ohun tí n ó ṣe ni."

Narhari Bhatt kò rí òpin òjò ọdún náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sun ún létí odò gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, gbogbo apọnmi Sonakot ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀, Jumman ló wà níwájú wọn, wọ́n kó àpò awọ wọn sílẹ̀ nílé.

Ẹnu òkúta náà ṣì wà níbẹ̀. Gulnar Bibi ní kí wọ́n gbẹ́ adágún kan sábẹ́ rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí sì ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tí yóò bá jọba ní Sonakot, kí wọ́n tó gbé idà lé e lọ́wọ́, yóò kọ́kọ́ bọ́ bàtà, yóò sì mu omi láti ibẹ̀ ní ojú gbogbo ìlú. Ní gbogbo ìdájí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, olórí àwòrò á wo inú kànga, àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri á dákẹ́, ara wọn kì í sì í balẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́ ọ: kò tíì mọ́, ẹ fà á. Bí àlejò kan bá bèèrè pé nígbà wo gan-an ni kànga náà yóò wá mọ́, ará Sonakot, ì báà jẹ́ Híńdù, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, á wò ó tìyanu-tìyanu, á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó mọ́."